Gbígbé Jíìpù Sókè: Ṣé Ó Tó Ohun Tí À Ń Náwó Lé?

FỌLÁKẸ́: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Bọ̀dá Wálé, ṣé ó yẹ kí ènìyàn gbé Jeep Wrangler rẹ̀ sókè kí ó tó lọ gun àpáta Moab ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà?

WÁLÉ: Fọlákẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé sípíríǹgì gígùn tí a fi ń gbé ọkọ̀ sókè kì í gbé gbogbo rẹ̀. Ara ọkọ̀ àti ṣásì ni ó ń gbé. Axle tí ó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ pọ̀, pẹ̀lú differential, ilé jíà axle náà tí ó yọ ikùn sísàlẹ̀ bí ìkòkò, kò kúrò níbi tí ó wà. Òun gan-an ni òkúta sì máa ń kọ́kọ́ gbá.

FỌLÁKẸ́: Kí ni yóò wá gbé òun sókè?

WÁLÉ: Táyà ni. Bí o bá yọ táyà ínǹṣì 33 tí Wrangler irú ti Rubicon ń bá wá, tí o sì de ti 35, ínǹṣì 1 péré ni differential yóò fi ga sí i, nítorí ìdajì táyà ni ó wà lábẹ́ axle. Àyè tí táyà ńlá yóò fi máa lọ sókè sódò láìha ara ọkọ̀ ni a ṣe ń gbé ọkọ̀ sókè, ínǹṣì 2 sì tó fún un.

FỌLÁKẸ́: Ínǹṣì 4 ni ẹni tí ó ta tiwa fún wa gbé e. Ní ọ̀nà I-70 láti Denver, ọwọ́ méjèèjì ni bàbá àwọn ọmọ mi fi di sítíárì mú, síbẹ̀ ọkọ̀ ń ya kiri. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

WÁLÉ: Bí a bá gbé e ga tó bẹ́ẹ̀ láìpààrọ̀ àwọn apá irin tí ó di axle iwájú mú, axle náà á yí kúrò ní ìdúró rẹ̀, sítíárì kò sì ní fẹ́ padà sáàárín mọ́. Ibi tí ìwúwo ọkọ̀ náà dá lé á ti gòkè, èyí tí ó léwu ní ibi tí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń dùn mí pé gíga ni àwọn ènìyàn ń kọ́kọ́ rà, nígbà tí dídín afẹ́fẹ́ táyà kù sí bíi 18 psi, kí ó lè tẹ́ mọ́ àpáta, kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

FỌLÁKẸ́: A ti sọ ọ́ kalẹ̀ sí ínǹṣì 2, a sì fi táyà 35 sí i.

WÁLÉ: Ṣé ẹ ti tún aago ìwọn-eré rẹ̀ ṣe? Táyà 33 ni ó ṣì ń fi kà á; bí ó bá ń fi máìlì 65 hàn, bíi 69 ni ẹ ń sá.

FỌLÁKẸ́: Há! A ò tíì ṣe é. Lọ́la ni màá gbé e lọ.