Bí A Ṣe Ń Múra fún Marathon Àkọ́kọ́: Eré Jẹ́jẹ́, Eré Líle, Eré Gígùn

Ẹ káàbọ̀ o. Fídíò yìí wà fún ẹni tó ti lè sá kìlómítà 8 láì dúró, tó wá fẹ́ sá marathon àkọ́kọ́, ìyẹn kìlómítà 42 àti mítà 195. Ẹ ya ọ̀sẹ̀ 16 sí 20 sọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá tíì lè sá kìlómítà 8, kó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ná.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró ni pé eré kan náà ni wọ́n ń sá lójoojúmọ́. Ó le jù fún ara tó fẹ́ sinmi, kò sì le tó láti kọ́ ẹsẹ̀ ní eré. Ọjọ́ mẹ́rin la ó máa sá lọ́sẹ̀: jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, líle lẹ́ẹ̀kan, gígùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fi líle àti gígùn lé ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré jẹ́jẹ́. Mò ń sáré lọ báyìí, mo sì ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ohùn mi: mò ń parí gbólóhùn, mi ò mí hẹlẹ. Òṣùwọ̀n wa nìyẹn. Bí ẹ bá ní láti dá ọ̀rọ̀ dúró kẹ́ ẹ tó rí èémí, ẹ dẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá kan òkè, ẹ rìn ín, kò burú. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo àkókò tẹ́ ẹ fi ń sáré lọ́sẹ̀ ló yẹ kó rí báyìí, nítorí òun ló ń mú kí ọkàn lè ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, òun ló sì ń kọ́ iṣan láti máa jó ọ̀rá dípò ṣúgà. Ó máa ń sú èèyàn, mo mọ̀.

Eré líle wá kàn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, kìkì eré ṣókí ni: tẹ́ ẹ bá parí eré jẹ́jẹ́, ẹ sá ìṣẹ́jú àáyá 20 pẹ̀lú ìyára, ẹ rìn padà, ẹ ṣe é nígbà 4 sí 6. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, ẹ lọ sí pápá onímítà 400. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 mú ara gbóná, kẹ́ ẹ wá sá mítà 800, ìyípo méjì nìyẹn, nígbà 4. Ẹ rọra sá ìṣẹ́jú 2 sí 3 láàárín wọn.

Ẹ wo aago mi níbí. Àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú 4 àti àáyá 30. Bí ìkẹrin bá gba 4 àti àáyá 50, ẹsẹ̀ kọ́ ló kùnà, àkọ́kọ́ ni a sá jù. Mítà 200 àkọ́kọ́ ló máa ń tanni, torí kò tíì rẹ ara, gbogbo nǹkan dà bí eré ọmọdé. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba kẹ́ ẹ tó sọ wọ́n di 6. Lọ́sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé ti mítà 800, ẹ fi eré ìṣẹ́jú 20 láì dúró rọ́pò rẹ̀, ní ìyára tẹ́ ẹ fi lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tèmi, èyí wúlò fún marathon ju mítà 800 lọ.

Eré gígùn: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 10, ẹ máa fi 2 kún un lọ́sẹ̀, àmọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ dín in kù ní ìdá mẹ́ta. Kí èyí tó gùn jù jẹ́ 28 sí 32, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdíje. Bó bá ti pé wákàtí 3 àti ààbọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ dúró, ibi yòówù kó ti bá yín.

Ní nǹkan bíi kìlómítà 30 ni ṣúgà tí iṣan àti ẹ̀dọ̀ kó pamọ́ máa ń tán, tí ẹsẹ̀ á wúwo lójijì. Torí náà, láti ìṣẹ́jú 40 ni kẹ́ ẹ ti máa mu jẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ṣúgà kíki inú àpò kékeré: ṣúgà gíráàmù 30 sí 60 ní wákàtí kan, pẹ̀lú omi. Ikùn tí kò bá ti kọ́ ọ nígbà ìgbaradì á yọ yín lẹ́nu lọ́jọ́ ìdíje. Bí òùngbẹ bá gbẹ yín lẹ mu omi. Àmujù máa ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dín kù jù, ó sì léwu.

Ìrora tó wà lẹ́sẹ̀ méjèèjì, tó ń rọlẹ̀ bí ara ṣe ń gbóná, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Èyí tẹ́ ẹ lè fi ìka kan tọ́ka sí lórí eegun ojúgun, tó ń le sí i bẹ́ ẹ ṣe ń sá, ẹ dá eré dúró, ẹ lọ rí dókítà.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ máa dín ìjìnnà kù títí yóò fi kéré sí ìdajì, ṣùgbọ́n ẹ má pa eré ṣókí tì. Ẹ má wọ bàtà tuntun. Ẹni tó fẹ́ parí ní wákàtí 4 àti ààbọ̀, ìṣẹ́jú 6 àti àáyá 24 ni kìlómítà kan. Kó fi àáyá 10 kún un fún kìlómítà 5 àkọ́kọ́, bí gbogbo èèyàn bá tiẹ̀ ń kọjá lára rẹ̀.