Ọkùnrin Tó Gbà Kí Wọ́n Dìbò

Ẹ ń lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìlọrin ni mo ti ń gba ohùn yìí sílẹ̀ lónìí, kì í ṣe Aberdeen ní Scotland tí mò ń gbé, torí náà bí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì, ẹ bá mi fara dà á.

Alex Salmond, olórí ìjọba Scotland tẹ́lẹ̀, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Oṣù October 2024 ló kú, ní North Macedonia níbi tó ti lọ sọ̀rọ̀ ní àpérò kan, ẹni ọdún 69. Látìgbà náà ni mo ti ń rò ó pé màá ṣe ètò yìí, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo délé, tí mo bá àwọn ará wa lẹ́nu ọ̀rọ̀ Orílẹ̀-èdè Yorùbá, ni mo tó mọ ibi tí màá gbé e gbà.

Ní 1973 ló wọ ẹgbẹ́ SNP, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí Scotland dá dúró, nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì. Ní 1982 wọ́n lé òun àti àwọn bíi mélòó kan jáde torí ọ̀rọ̀ wọn ti le jù, wọ́n sì tún gbà wọ́n padà. Báńkì ló ti ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ owó epo rọ̀bì ló mọ̀ dunjú. Ní 1987 àwọn apẹja Peterhead àti Fraserburgh àti àwọn ará agbègbè wọn rán an lọ sílé aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì pé ọdún kan níbẹ̀ tó fi dìde nígbà tí mínísítà ètò ìnáwó ń ka bọ́jẹ́ẹ̀tì, ó ń pariwo pé wọ́n ń bu owó fún olówó, bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́ gba owó-orí lọ́wọ́ tálákà Scotland. Wọ́n ní kó jáde, kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Scotland ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó-orí yẹn, ní 1989, kó tó kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún kejì. Ẹni tó bá mọ ìtàn Àgbẹ́kọ̀yà mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ó di olórí ẹgbẹ́ ní 1990, ó fi í sílẹ̀ ní 2000. Nígbà tí àyè tún ṣí ní 2004, ó ní bí wọ́n bá tilẹ̀ dìbò yan òun, òun á kọ̀wé fipò sílẹ̀ ni. Kò pẹ́ ló jáde, ó sì wọlé. Olóṣèlú kúkú ni. Ní 2007 ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìjókòó kan ṣoṣo lé ẹgbẹ́ Labour, 47 sí 46, ó sì di olórí ìjọba Scotland. Ní 2011 wọ́n kó 69 nínú 129. Ìgbà yẹn ni Lọ́ńdọ̀nù rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà. Ní ọjọ́ 15 oṣù October 2012, David Cameron, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, bá a jókòó ní Edinburgh, wọ́n jọ buwọ́ lùwé: wọn á bi àwọn èèyàn léèrè.

Wọ́n sì bi èmi náà. Èmi ọmọ Ọ̀fà! Òfin wọn fàyè gba ọmọ Commonwealth tó ń gbé ibẹ̀ tó sì ní ìwé ìgbélùú láti dìbò. Ọmọ Scotland tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ò láǹfààní yẹn, ọmọ ọdún 16 tó ń gbé Aberdeen ní in. Ọjọ́ 18 oṣù September 2014 ni. Pẹ́ńsù kan ni wọ́n so mọ́ okùn nínú yàrá ìdìbò, mo sì ń wá tàdáwà kiri pẹ̀lú ìka àtàńpàkò mi bí ẹni tó wà ní Ìyànà Pósíọ́fíìsì níbí. Ìbéèrè kan péré ló wà lórí ìwé náà: ṣé kí Scotland di orílẹ̀-èdè tó dá dúró? Mo sàmì sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ owó ni. Nínú oṣù August, níbi àríyànjiyàn lórí tẹlifísọ̀n, Alistair Darling, tó ṣíwájú àwọn tó ń polongo rárá, bi Salmond pé bí wọn ò bá jẹ́ kí Scotland máa ná pọ́ùn mọ́, owó wo ni wọn á máa ná? Ó yí ọ̀rọ̀ síwá, ó yí i sẹ́yìn, kò fèsì tó tẹ́ mi lọ́rùn. Èmi tí mo ń fi pọ́ùn ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdá 55.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní rárá, 44.7 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì ni Salmond kéde pé òun ń fipò sílẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí fún ẹ̀gbọ́n màámi, Bàbá Pàkátà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n wá ní, "Àdùkẹ́, ó fẹ́ fọ́ ìjọba Ọba Gẹ̀ẹ́sì sí méjì, ó pàdánù, wọn ò mú un?"

Mo ní, "Bàbá, wọn ò mú un o."

"Ilé rẹ̀ ńkọ́? Wọn ò dáná sun ún?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Láyé òṣèlú àkọ́kọ́, Josiah Ọláwọyin, ará Ọ̀fà, wà nílé aṣòfin ní Kàdúná, ó ń jà pé kí wọ́n yọ Ìlọrin àti Kàbà kúrò ní Àríwá, kí wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-oòrùn. Ní Ìlọrin níbí, ẹgbẹ́ òṣèlú Tálákà Parapọ̀ bá Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group ti Awólọ́wọ̀, ṣe pọ̀, wọ́n gba ìgbìmọ̀ ìlú. Ní 1958 ìjọba Àríwá tú ìgbìmọ̀ náà ká. Ìgbìmọ̀ Willink, tí wọ́n ní kó wo ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà kéékèèké, wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ó gbọ́ tẹnu gbogbo èèyàn, ààlà ò sún. Nígbà tó yá wọ́n kó Ọláwọyin mọ́ Awólọ́wọ̀ nínú ẹjọ́ ọ̀tẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé Gẹ̀ẹ́sì mọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn léèrè. Wọ́n bi àwọn ará Àríwá Kamẹrúùnù ní 1959, wọ́n tún bi wọ́n ní 1961. Nàìjíríà gan-an bi àwọn ará Midwest ní 1963. Àwa ní tiwa, ẹnikẹ́ni ò bi wá. Ní 1967 ni Gowon fi àṣẹ ológun dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀.

Lónìí ẹ̀wẹ̀, àwọn tó ń tẹ̀ lé Ọ̀jọ̀gbọ́n Bánjí Akíntóyè àti Sunday Ìgbòho ń pín àwòrán ilẹ̀ Yorùbá kiri lórí WhatsApp, Kwara wà nínú rẹ̀ gbáko. Inú àwọn ẹbí bàbá mi l'Ọ̀fà ń dùn. Bàbá Pàkátà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí: Yorùbá làwọn ń sọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n Ẹ́míà ló ń jẹ nílùú àwọn, ta ló wá bi àwọn?

Salmond náà bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Àwọn ará erékùṣù Shetland àti Orkney ò fẹ́ bá Edinburgh lọ ju bí Edinburgh ṣe fẹ́ bá Lọ́ńdọ̀nù gbé lọ, àwọn kan lára wọn tilẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n dá ìbò tàwọn dì. Ní July 2013 Salmond lọ bá wọn ní Lerwick, ó ṣèlérí ìgbìmọ̀ tí yóò wo irú agbára tó yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dìbò, ìdá 63.7 ní Shetland àti 67.2 ní Orkney ló ní rárá. Síbẹ̀ ó lọ bá wọn nílé wọn.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ò dùn. Ìjọba tó ti ṣe olórí rẹ̀ rí ṣèwádìí ẹ̀sùn tí àwọn obìnrin fi kàn án, kóòtù ní ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ò tọ́, wọ́n sì san owó ẹjọ́ rẹ̀, ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù pọ́ùn. Ní March 2020 àwọn ará ìlú tí kóòtù yàn láti gbọ́ ẹjọ́ dá a sílẹ̀ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn. Agbẹjọ́rò rẹ̀ gan-an ní ìwà rẹ̀ ì bá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà míì. Ó di olórí ẹgbẹ́ tuntun kan ní 2021, kò rí ìjókòó kan nínú ìbò ọdún yẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di wòlíì.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ wa kan ní Aberdeen ń dáwó fún ọ̀rọ̀ Orílẹ̀-èdè Yorùbá, wọ́n sì ń bi mí pé èwo ni tèmi. Kí wọ́n tó gba pọ́ùn mi, mo fẹ́ mọ̀: ṣé wọ́n á lọ bá Bàbá Pàkátà jókòó? Ṣé ìbò Ìlọrin á dá dúró, àbí wọ́n á kà á mọ́ ti Ọ̀fà àti Ọ̀mù-Àrán? Bí a bá sì ní rárá, ṣé wọ́n á fipò sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì? Títí wọ́n á fi dá mi lóhùn, orí òrùlé ilé ìdáná màámi ni owó yẹn ń lọ.