Ìyàwó Tó Wà Nínú Yàrá: Delacroix ní Tangier, 1832

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ káàbọ̀. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris, àwòrán ńlá kan wà tí Eugène Delacroix, ayàwòrán ọmọ Faransé, pàtẹ fún aráyé ní 1841, ìgbéyàwó àwọn Júù ní ilẹ̀ Mòrókò ni ó sì yà síbẹ̀. Ẹ ó rí àwọn olórin, oníjó àti àlejò tí wọ́n kún àgbàlá náà, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ìyàwó, nítorí pé yàrá inú ni wọ́n fi í sí. Ẹni tó bá fẹ́ rí i yóò padà sí àwọn àwòrán kékeré tí Delacroix yà ní 1832.

Lọ́dún náà, ó bá Charles de Mornay, tí ìjọba Faransé rán sí ọba Mòrókò, rìnrìn àjò. Ọdún 1830 ni Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Algiers, ìlú kan ní Algeria, ilẹ̀ tó múlé gbe Mòrókò. Kò rọrùn fún àjèjì ọkùnrin láti wọ ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Mùsùlùmí ní Tangier, ìlú kan ní Mòrókò, kí ó sì máa yà wọ́n. Abraham Benchimol, Júù tó jẹ́ ògbufọ̀ àwọn Faransé níbẹ̀, ló mú un wọ ilé àwọn Júù, ó sì bá wọn pé síbi ìgbéyàwó kan ní oṣù Kejì.

Ohun tó rí wọ̀ ọ́ lára púpọ̀. Wọ́n kun ojú ìyàwó, wọ́n fi ohun ọ̀ṣọ́ dé e lórí, òun náà sì dijú, kò mira, àfi bí ère. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹkún ìyàwó rí mọ̀ pé bí ìlù ṣe ń dún lóde, ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú ọmọbìnrin náà.

Nínú àwọn ìwé kékeré tó ń gbé kiri, Delacroix lo pẹ́ńsùlù, ọ̀dà olómi, àti gègé pẹ̀lú tàdáwà. Tàdáwà kì í ṣeé pa rẹ́ bọ̀rọ̀, nítorí náà ẹni tó ń fi í ya ohun tó ń kọjá lọ lójú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè mú kókó, bí aṣọ ṣe ṣẹ́po tàbí bí orí ṣe tẹ̀, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ó tún máa ń kọ orúkọ àwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, kí ó má baà gbàgbé bí ó bá délé. Lójú tèmi, àwọn ìlà kánjúkánjú wọ̀nyí sún mọ́ àwọn ènìyàn náà ju àwòrán ńlá ti Paris lọ.

Ní 1842, Delacroix tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa ìgbéyàwó náà. Ìyàwó tí kò sí nínú àwòrán ńlá náà wà níbẹ̀, ó ṣì dijú.