Auschwitz: Ìtọ́jú Tí Kì Í Sọ Nǹkan Di Tuntun

Ẹ wo òkìtì bíríkì yìí ní Birkenau, lórílẹ̀-èdè Póláǹdì. Apá kan ni Birkenau jẹ́ nínú Auschwitz, àgọ́ tí ìjọba Násì ti Jámánì ti pa àìmọye èèyàn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Yàrá gáàsì olóró ló wà níbí tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1945, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Soviet ń sún mọ́ tòsí, àwọn SS, ìyẹn ẹgbẹ́ ológun àwọn Násì tó ń ṣàkóso àgọ́ náà, fi àdó olóró wó o kí ẹ̀rí má bàa kù. Ọjọ́ 27 oṣù yẹn làwọn Soviet wọlé. Àwọn Násì ti pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.1 èèyàn ní Auschwitz kó tó dìgbà yẹn. Júù ni nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nínú wọn.

Lọ́dún 1947, ilé aṣòfin Póláǹdì ṣòfin pé kí ibẹ̀ di ibi ìrántí títí láé. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó yè bọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn, Tadeusz Wąsowicz, ló kọ́kọ́ darí ilé ìṣẹ̀m̀báyé ibẹ̀.

Kí ló wá dé tí wọn ò tún yàrá yìí kọ́? Torí pé wíwó tí wọ́n wó o gan-an jẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tó mọ̀ pé òun ò jẹ̀bi kì í sáré fọ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ilé bíríkì táwọn ẹlẹ́wọ̀n sùn sí ló le jù. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn ni wọ́n fipá mú kọ́ ọ, lórí ilẹ̀ olómi, ògiri rẹ̀ tín-ín-rín, kò sì sẹ́ni tó rò pé yóò pẹ́. Ní báyìí, ògiri ń là, ó ń fì. Ó rọrùn kéèyàn wó o, kó tún un kọ́, kó fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti bá àwọn SS parí iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n ń fi òpó gbé ògiri ró, wọ́n ń fún ìpìlẹ̀ lágbára lábẹ́ ilẹ̀, àwọn bíríkì àtijọ́ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Bàtà àwọn ọmọdé tí wọ́n kó wá sí àgọ́ náà, tó wà nílé ìṣẹ̀m̀báyé ibẹ̀, tó 8,000. Lọ́dún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìdọ̀tí kúrò lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò wọn. Wọn ò ran ibi tó ya.

Irun orí tí wọ́n gé lórí àwọn obìnrin ńkọ́? Ó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì. Wọn ò fi kẹ́míkà tọ́jú ẹ̀. Wọ́n ní ara èèyàn ni, kó máa jẹrà bí ara èèyàn ṣe ń jẹrà. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Bàtà jẹ́ ẹrù. Irun kì í ṣe ẹrù.

Iṣẹ́ yìí ń gbówó. Lọ́dún 2009, Władysław Bartoszewski, tóun náà ti ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń wá mílíọ̀nù 120 yúrò. Jámánì ṣèlérí ìdajì rẹ̀. Wọn kì í ná owó náà gan-an. Èrè orí ẹ̀ ni wọ́n ń ná.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọn ò dábàá pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 wọlé. Níyàrá irun náà, ẹ má ya fọ́tò.