Owó Èèyàn Méjì: Ohun Tí Mo Bá Àwọn Ọ̀dọ́ Sọ ní Tanke, n'Ílọrin, Lórí Ọ̀rọ̀ Sísanra Jù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àbúrò mi. Mo rí i pé àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń wo ẹnu ọ̀nà nítorí ráìsì tó ń ta sánsán níta yẹn, ẹ fara balẹ̀, mi ò ní pẹ́.

Tí èèyàn bá ti rí orobo, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé wọ̀bìà ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò mọ síbẹ̀. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní ká mú ìwọ̀n èèyàn ní kílò, ká fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in, ká tún fi gíga náà pín èyí tó bá jáde, tó bá tó 25 ó ti sanra kọjá bó ṣe yẹ, tó bá tó 30 ó ti di àìsàn. Ẹni tó ga ní mítà 1.6, tó bá ti di kílò 77, ó ti wọ ibẹ̀. Lọ́dún 2022, nínú èèyàn 8 láyé, ẹnì kan ti wọ ibẹ̀.

Ọmọ 300 level kan wá bá mi (ó ní kí n sọ ọ́ o, kí n má ṣáà ti dárúkọ òun), ó ní òun kì í jẹun púpọ̀. Mo ní kó máa kọ gbogbo nǹkan tó bá jẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó kọ aago sí i, kó kọ bí inú ẹ̀ ṣe rí náà. Lóòótọ́, lọ́sàn-án kò ju wàrà méjì àti búrẹ́dì lọ. Àmọ́ aago kan òru: índómì méjì, ẹyin, màlítì. Ó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé "bọ̀ọ̀dá mi pè, wọ́n bèèrè résọ́ọ̀tì." Ọjọ́bọ̀, oníkẹ̀kẹ́ ní kó san owó èèyàn méjì, gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó délé ó ra ṣàwámà.

Ṣé ẹ rí i? Tí ọkàn ò bá balẹ̀, ara máa ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ cortisol sẹ́jẹ̀, ìyẹn á jẹ́ kí nǹkan dídùn àti ọlọ́ràá máa wù wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe TDB, tẹ́ ẹ ń kàwé mọ́jú, tí ẹ ò bá sùn, èròjà ghrelin tó ń pe ebi á lọ sókè, leptin tó ń sọ pé ó ti tó á wálẹ̀.

Ọ̀rẹ́ náà ńkọ́? Àwọn olùṣèwádìí méjì, Christakis àti Fowler, yẹ àkọsílẹ̀ èèyàn 12,067 ní Framingham, l'Amẹ́ríkà, fún ọdún 32, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2007 pé tí ọ̀rẹ́ ẹni bá sanra jù, ewu kí tẹni náà rí bẹ́ẹ̀ fi ìdá 57 nínú 100 lọ sókè. Àwọn kan bá wọn jiyàn pé bóyá àwọn tó jọra ló ń bára wọn ṣọ̀rẹ́. Èmi ò bá wọn jà, àmọ́ mo mọ yàrá tí wọ́n ti ń dá owó ṣàwámà jọ.

Ilé wa gan-an ò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Tọ́mọ bá rù dé Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, wọ́n á ní ṣé ebi ń pa á ni, tó bá sanra, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ Ìlọrin bá a lára mu. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ ọkọ, màmá kan náà á ní kó lọ dín ara kù!

Mi ò gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ yẹn. Mo ní kó jẹun gidi lọ́sàn-án kí ebi má baà dá a dúró dòru, kó máa sùn ní aago 11, bọ̀ọ̀dá náà sì ti ń pè lọ́sàn-án báyìí. Kò tíì rù o, ẹ má pàtẹ́wọ́. Índómì òru ló ti kúrò nínú ìwé.

Bọ̀ọ̀dá kan wá bi mí níbẹ̀ pé kí ló dé tí ọmọ yẹn ò bá oníkẹ̀kẹ́ yẹn jà. Èmi náà ti bi í. Ó ní òun san án.