Ilé tí Dáfídì kò kọ́: ìlépa ọkàn wa àti ìfẹ́ Ọlọ́run

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ohun tí wọ́n ní kí n bá yín sọ ni bí onígbàgbọ́ ṣe lè mú ìlépa ọkàn rẹ̀ bá ìfẹ́ Ọlọ́run mu. Bí mo ṣe ń múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà kọ́ni lórí rẹ̀ nínú ìjọ, kò sì sí èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn nínú méjèèjì. Àwọn kan ń wàásù bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn ní ohun tí ó ń lépa, pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ti Ọlọ́run, ṣe ni kí ó káwọ́ gbera kí ó máa wòkè. Àwọn mìíràn a sì máa kọ́ wa pé ohunkóhun tí ọkàn wa bá ti ń fà sí, Ọlọ́run ni ó fi síbẹ̀, kí a ṣáà gbà á nípa ìgbàgbọ́. Ẹ̀kọ́ ìṣáájú sọ Ẹlẹ́dàá di ẹni tí ń bínú sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ dá mọ́ wa. Èkejì sì sọ ọ́ di ìránṣẹ́ tí ń retí àṣẹ wa. Nítorí náà, mo fẹ́ kí a fi ìtàn ọkùnrin kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ẹni tí ìlépa rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí Ọlọ́run fi yìn ín, tí Ọlọ́run kan náà sì sọ fún un pé kì í ṣe òun ni yóò ṣe é.

Ìtàn náà wà nínú ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 7. Ọlọ́run ti fún Dáfídì ní ìsinmi kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀, ọba sì jókòó nínú ilé tí a fi igi kédárì kọ́, ó wá rò ó pé inú aṣọ títa ni àpótí ẹ̀rí Ọlọ́run ń gbé. Ìrònú náà dùn ún. Ó pe wòlíì Nátánì, ó sì sọ ọ́ fún un. Nátánì kò béèrè àkókò láti gbàdúrà. Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé kí ọba lọ ṣe gbogbo ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀, nítorí Olúwa wà pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ohun tí a lè fi dá Nátánì lẹ́bi nínú ìdáhùn yìí bí a bá fi ojú ènìyàn wò ó, nítorí ọba náà jẹ́ olùfọkànsìn, iṣẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́ mímọ́, owó rẹ̀ wà nílẹ̀, àlàáfíà sì wà ní ilẹ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ àwa ni, gbogbo èyí ni à bá pè ní ilẹ̀kùn tí Ọlọ́run ṣí.

Ní òru ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ Olúwa tọ Nátánì wá pé kí ó padà lọ sọ fún Dáfídì pé ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́ ilé náà. Mo máa ń dúró díẹ̀ níhìn-ín bí mo bá ń ka orí yìí. Wòlíì tòótọ́ ni Nátánì, síbẹ̀ èrò rere tirẹ̀ ni ó sọ lọ́sàn-án, kì í ṣe ohùn Ọlọ́run. Nígbà tí ó sì gbọ́ ohùn náà lóru, kò tìjú láti padà lọ bá ọba kí ó gbé ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ sọ mì. Ó wù mí kí àwa tí “Olúwa wí fún mi” máa ń yá lẹ́nu kọ́ ìrìn àárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn lọ́wọ́ Nátánì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ọlọ́run kò pe èrò Dáfídì ní èrò búburú. Nígbà tí ó yá, Sólómọ́nì sọ ohun tí Ọlọ́run wí fún baba rẹ̀, ó sì wà nínú ìwé Àwọn Ọba Kìíní 8:18: nítorí pé ó wà ní ọkàn Dáfídì láti kọ́ ilé fún orúkọ Olúwa, ó ṣe rere tí ó fi wà ní ọkàn rẹ̀. Ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e ni ó wá sọ pé, síbẹ̀, kì í ṣe òun ni yóò kọ́ ọ. Ẹsẹ méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí a dì mú pa pọ̀, nítorí ohun tí ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni pé wọ́n rò pé bí Ọlọ́run bá sọ pé “kì í ṣe ìwọ,” ohun tí ó ń sọ ni pé ohun tí wọ́n ń lépa kò dára. Ó ṣeé ṣe kí ìlépa náà jẹ́ ti Ọlọ́run pátápátá, kí ó má sì jẹ́ ọwọ́ rẹ ni yóò ti parí. Nínú ìwé Sámúẹ́lì, a kò sọ fún wa pé Dáfídì gbọ́ ìdí rẹ̀ ní òru yẹn. Inú Kíróníkà Kìíní orí 22 ni òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé fún Sólómọ́nì pé nítorí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tí òun ti ta sílẹ̀ lójú ogun ni.

Kí ni ọba náà wá ṣe? Ó wọlé, ó jókòó níwájú Olúwa, ó ní, “Ta ni èmi?” Lẹ́yìn ìyẹn, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan jọ fún iṣẹ́ tí a ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ìpakà tí ó rà lọ́wọ́ Ọ́nánì ará Jébúsì ni ilé náà padà dúró lé. Ó gba àwòrán ilé náà sílẹ̀, ó sì fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ìṣúra tirẹ̀ nìkan, yàtọ̀ sí èyí tí ó ti kó jọ gẹ́gẹ́ bí ọba, Kíróníkà Kìíní 29:4 sọ pé ó fi 3,000 tálẹ́ńtì wúrà Ófírì àti 7,000 tálẹ́ńtì fàdákà tí a yọ́ mọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa: púpọ̀ nínú wa, bí a bá ti gbọ́ pé ẹlòmíràn ni yóò darí iṣẹ́ tí a fi ọkàn sí, ibẹ̀ gan-an ni owó wa, okun wa àti àdúrà wa ti máa ń tán lórí iṣẹ́ náà. Àwọn àgbà ní àríṣe ni àríkà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí àríkà fi máa ń wuni ju àríṣe lọ, tí ẹni tí ó sọ pé òun fẹ́ kí iṣẹ́ Olúwa tẹ̀ síwájú á fi fẹ́ kí ó tẹ̀ síwájú lábẹ́ orúkọ òun nìkan. Jákọ́bù àti Jòhánù kò fi tiwọn pa mọ́ rárá nínú Máàkù orí 10: ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, nínú ògo Olúwa. Ẹ ṣàkíyèsí pé Jésù kò ní kí wọ́n má fẹ́ di ẹni ńlá mọ́. Ohun tí ó yí padà ni ọ̀nà tí a ń gbà di ẹni ńlá, ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe olórí, kí ó ṣe ìránṣẹ́ gbogbo ènìyàn.

Àìsàn kejì tún wà tí ó burú jù èyí lọ, nítorí ó máa ń wọ aṣọ àdúrà. Jeremáyà orí 42 ni a ti rí i. Jerúsálẹ́mù ti ṣubú sọ́wọ́ àwọn ará Bábílónì, wọ́n ti pa Gẹdaláyà tí wọ́n fi ṣe gómìnà, ẹ̀rù sì ń ba ìyókù àwọn ènìyàn náà. Wọ́n tọ Jeremáyà wá, wọ́n ní kí ó bá àwọn béèrè lọ́wọ́ Olúwa ọ̀nà tí àwọn ìbá rìn, wọ́n sì búra pé ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe ibi, àwọn yóò gbọ́ràn. Ọjọ́ 10 kọjá kí ìdáhùn tó dé: kí wọ́n dúró ní ilẹ̀ náà, kí wọ́n má ṣe lọ sí Íjíbítì. Wọ́n dá wòlíì lóhùn pé irọ́ ni ó ń pa. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, ẹ padà sí orí 41, ẹsẹ 17: kí wọ́n tó gbàdúrà rárá ni wọ́n ti wọ̀ sí ìtòsí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, kí wọ́n lè gba ibẹ̀ lọ sí Íjíbítì. Wọ́n ti di ẹrù wọn. Òǹtẹ̀ ni wọ́n ń wá sọ́dọ̀ Ọlọ́run, kí ó lù ú sórí ìwé tí wọ́n ti kọ tán. Mo mọ àdúrà yẹn dáadáa, nítorí èmi náà ti gbà á rí lórí iṣẹ́ kan tí mo ti gbà nínú ọkàn mi kí n tó kúnlẹ̀. Mo gba ààwẹ̀, mo sì ń bá gbogbo ẹni tí ó gbà mí nímọ̀ràn òdì-kejì jiyàn. Ààwẹ̀ kò lè ran ẹni tí ó ti di ẹrù lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó máa ń mú mi ronú lórí èyí. Ohun tí a ń pè ní “ìfẹ́” nínú “ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe” náà ni a ń pe ìfẹ́ tí òbí ní sí ọmọ. Ní èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ní Yorùbá, ahọ́n wa kò yà wọ́n sọ́tọ̀. N kò sọ pé a lè fi gírámà gbé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kalẹ̀ o, ṣùgbọ́n bóyá ọ̀pọ̀ nínú ìbẹ̀rù wa ni ìbá rọlẹ̀ bí a bá rántí pé ẹni tí ó ní ohun tí ó fẹ́ kí a ṣe ni ẹni tí ó fẹ́ wa. Nínú ọgbà Gẹtisémánì, Jésù kò díbọ́n pé òun kò ní ohun tí òun fẹ́. Ó sọ ọ́ síta pé kí ago náà ré òun kọjá bí ó bá lè ṣe é ṣe. Ó gbàdúrà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Mátíù 6:10, “ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe,” gan-an ni òun náà sì sọ nínú Mátíù 26:42. Ìtẹríba kì í ṣe pé kí ọkàn ṣófo.

Pọ́ọ̀lù ni ẹni tí ó kàn, nítorí kò sí ẹni tí ó lè sọ pé aláìnílépa ni. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan wà tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn fi ohun kan ṣe iyì tí ó ń sáré lé; ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Pọ́ọ̀lù lò ó. Ní Róòmù 15:20, ó lò ó fún wíwàásù níbi tí a kò tí ì gbọ́ orúkọ Kristi. Ní 2 Kọ́ríńtì 5:9, ó lò ó fún wíwu Olúwa. Ẹ̀kẹta, ní 1 Tẹsalóníkà 4:11, máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí ó ní kí àwọn ará fi ṣe ìlépa ni pé kí wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí wọ́n gbájú mọ́ iṣẹ́ ara wọn, kí wọ́n sì fi ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́. Ó wá ṣe kedere pé a lè fi ìgbé ayé tí ẹnikẹ́ni kò pariwo rẹ̀ ṣe ohun àlépa.

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, Pọ́ọ̀lù fẹ́ wàásù ní Ásíà, ìyẹn agbègbè ìjọba Róòmù tí Éfésù wà nínú rẹ̀, Ẹ̀mí Mímọ́ kọ̀ fún un. Ó gbìyànjú láti lọ sí Bítíníà, Ẹ̀mí kò jẹ́ kí ó lọ. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé kò jókòó pa títí Ọlọ́run fi sọ̀rọ̀. Ó ń rìn, ojú ọ̀nà ni a sì ti ń dí i lọ́nà, títí ó fi dé Tíróásì tí ó rí ìran ọkùnrin ará Másídóníà lóru. Ó lọ síbẹ̀, wọ́n sì nà án ní Fílípì, wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ há inú àbà nínú túbú, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìrọ̀rùn máa ń jẹ́ àmì pé a wà ní ọ̀nà. Ásíà tí a dí fún un yẹn, ó padà débẹ̀ ní orí 19, ó fi ọdún 2 kọ́ni ní Éfésù nínú gbọ̀ngàn Tíránnù. Bítíníà ńkọ́? Ìwé Mímọ́ kò sọ pé Pọ́ọ̀lù débẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí ẹsẹ kìíní lẹ́tà Pétérù Kìíní, ẹ ó rí i pé àwọn onígbàgbọ́ ti wà ní Bítíníà tí Pétérù ń kọ̀wé sí. Ẹlòmíràn ni Ọlọ́run rán.

Lórí bí a ṣe lè mọ ìfẹ́ Ọlọ́run lórí iṣẹ́, ìgbéyàwó tàbí ẹ̀kọ́, n kò ní pẹ́ púpọ̀, nítorí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni a ti kọ sílẹ̀ tí a kò sì kà sí. Ìwà mímọ́ ni ìfẹ́ Ọlọ́run, 1 Tẹsalóníkà 4:3. Ọpẹ́ nínú ohun gbogbo ni, 5:18. Ẹni tí ń fi ẹ̀rí èké wá ìgbéga kò nílò ìran kí ó tó mọ̀ bóyá Ọlọ́run fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lórí ìyókù, Róòmù 12 fi ara tí a fi rúbọ àti èrò inú tí a sọ di titun ṣáájú, kí ó tó sọ pé a ó rí ìdí ìfẹ́ Ọlọ́run, tí ó dára, tí ó sì ṣe ìtẹ́wọ́gbà, tí ó sì pé.

Nígbà kan tí mo sọ̀rọ̀ lórí èyí tán, arábìnrin kan dìde, ó béèrè pé báwo ni òun yóò ṣe mọ̀ pé òun ti fi ìlépa òun lé Ọlọ́run lọ́wọ́, pé kì í ṣe pé ó kàn rẹ òun ni. Ìbéèrè náà lágbára, nítorí ẹni tí ó rẹ̀ àti ẹni tí ó tẹrí ba lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Mo ní kí ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, bóyá ó ṣì ń kó nǹkan jọ fún iṣẹ́ náà, kódà bí ẹlòmíràn ni yóò bá a kọ́ ọ. Ọdún 7 ni Sólómọ́nì fi kọ́ ilé Olúwa, Dáfídì sì ti kú kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Sólómọ́nì kó fàdákà àti wúrà àti ohun èlò tí baba rẹ̀ ti yà sí mímọ́ wọlé, ó sì tò wọ́n sínú ìṣúra ilé náà.