Fáìlì project kọ́ ni fídíò: bí ẹ ṣe máa gbé e jáde sí MP4 tí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n máa gbà

Ẹ wo fáìlì tó wà lójú kọ̀ǹpútà yìí: igbeyawo.prproj. Project Adobe Premiere Pro ni, sọ́fítíwíà tí ẹ̀dítọ̀ fi ń gé fídíò. MB 4 péré. Ìgbéyàwó wákàtí kan gbáko, nínú MB 4? Ó yẹ kó ti fu yín lára.

Ẹ̀dítọ̀ á da .prproj sínú fláàṣì fún oníbàárà, oníbàárà á gbé e délé ní Iléṣà, á kì í bọ tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n á ní òun ò rí nǹkan kan. Ẹlòmíì á wá pa .prproj rẹ́ lára orúkọ fáìlì, á kọ .mp4 síbẹ̀. Háà! Orúkọ lẹ pààrọ̀, ẹ ò fọwọ́ kan inú.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ báyìí. Project dà bíi bébà tí ìyá kọ èlò ọbẹ̀ sí, tó fi rán ọmọ lọ sọ́jà Odò-Ògbè. Ata rodo, tàtàṣé, ẹja gbígbẹ, ìsọ̀ tó ti máa rà á. Gbogbo nǹkan ló wà nínú bébà yẹn àfi ọbẹ̀. Ẹ lè fi bébà jẹ̀bà? Ohun tí project ń sọ kò ju pé: "Lọ mú clip báyìí nínú fóldà báyìí, gé e níbí, fi orin sábẹ́ ẹ̀." Clip gan-an, ìyẹn fídíò tí kámẹ́rà yà, wà nínú hard disk ẹ̀dítọ̀. .veg ti Vegas, .drp ti DaVinci Resolve, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Torí náà, wẹ́ẹ̀bùsáìtì tó bá ní ká gbé .prproj nìkan wá, òun á sọ ọ́ di MP4, irọ́ ló ń pa. IRỌ́ NI! Kò ní clip yín lọ́wọ́. Inú sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ náà, lórí kọ̀ǹpútà tí clip wà, lẹ ti máa gbé e jáde.

Tí ẹ bá ṣí i tí ojú fídíò pọ́n, tó kọ Media Offline, ẹ má tíì export (gbé e jáde) o, àwọ̀ pupa yẹn náà ló máa jáde. Wọ́n ti gbé fóldà kúrò níbi tó wà, tàbí kẹ̀, hard disk tó ń jẹ́ E lánàá ti di F lónìí. Right-click, Link Media, ẹ fi ibi tí clip wà hàn án.

Ó yá, ẹ tẹ Ctrl+M láti export. Format (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀), H.264. H.265 kọ́ o, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ò mọ̀ ọ́n. ProRes náà kọ́: wákàtí kan ProRes 422 ní 1080p lè tó GB 55, ta ló fẹ́ gbé ìyẹn? Ìwọ̀n àwòrán, 1920 lọ́nà 1080. Frame rate (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan), bí timeline, ibi tí wọ́n to clip sí, bá ṣe wà. Tó bá jẹ́ 25, ẹ fi í sí 25. Ohùn: AAC, 48 kHz, 320 kbps.

Bitrate wàyí, ìyẹn bí dátà ṣe pọ̀ tó ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ rọra. Target, 8 Mbps. Kí ló dé tí kì í ṣe 10? Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 10 lọ́nà ìṣẹ́jú àáyá 3,600, ẹ pín in sọ́nà 8 (torí bit 8 ló ń di byte kan), MB 4,500. Fláàṣì tí wọ́n format sí FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ju GB 4 lọ, kódà kí GB 30 ṣófo nínú ẹ̀. Wọ́n á ní fláàṣì ti bàjẹ́. KÒ BÀJẸ́! Ẹ fi í sí 8, ó di MB 3,600, ohùn á fi bíi 144 kún un, á wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ lè format fláàṣì sí exFAT, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n míì ò ní kà á. Iṣẹ́ tó bá gùn, irú ọdún Ọlọ́jọ́ tí kì í tán bọ̀rọ̀, ẹ gé e sí méjì.

Tó bá sì jáde tán, ẹ má fi VLC, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń wo fídíò, dán an wò. Kò sóhun tí VLC kì í jẹ. Fóònù tó gbó jù nínú ilé ni kẹ́ ẹ fi wò ó.